Ta Ló Jẹ́rìí Sí I? Bí Obìnrin Ṣe Ń Di Ẹni Mímọ́ Nínú Ìjọ Àgùdà

(Ọ̀rọ̀ orí rédíò, gẹ́gẹ́ bí a ṣe kà á)

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lálẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ni. Ọ̀rọ̀ ẹjọ́ sì ni pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ṣọ́ọ̀ṣì ló ń parí sí.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2019, Póòpù Francis jókòó níta gbangba níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Pétérù Mímọ́ ní Róòmù, ó kéde orúkọ èèyàn márùn-ún gẹ́gẹ́ bí ẹni mímọ́. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló wà nínú wọn, John Henry Newman, ọ̀mọ̀wé ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Obìnrin ni mẹ́rin yòókù: Giuseppina Vannini ará Ítálì, Mariam Thresia ará Íńdíà, Marguerite Bays tó ń ránṣọ ní Switzerland, àti Sístà Dulce ará ìlú Salvador, ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil. Póòpù ka gbólóhùn kan ní èdè Látìn, àwọn èrò pàtẹ́wọ́, ẹgbẹ́ akọrin gbé orin. Ẹni tó bá ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n lè rò pé Póòpù ló sọ wọ́n di mímọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìdájọ́ ni Póòpù kà. Ẹjọ́ gan-an ti wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹlẹ́rìí ti búra, wọ́n ti rojọ́, dókítà ti sọ tẹnu wọn, àwọn ọ̀mọ̀wé ti ka ìwé títí ojú fi ń ro wọ́n. Ìjọ Àgùdà kò sì fi ìgbà kan sọ pé òun ló ń mú èèyàn dé ọ̀run. Ọlọ́run nìkan ló mọ iye ìyá àgbà tó ti wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ orúkọ wọn rí. Torí gbogbo wọn ni Ìjọ ṣe ya ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá sọ́tọ̀. Ohun tí Ìjọ ń ṣe ni pé ó ń mú àwọn kan nínú wọn, ó ń fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn wọ̀nyí dé ibẹ̀, pé èèyàn lè wo àwòkọ́ṣe wọn, pé èèyàn sì lè ní kí wọ́n bá òun bẹ Ọlọ́run. Ẹni tí yóò fọwọ́ sọ̀yà bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wádìí.

Láyé àtijọ́, ìwádìí kò le tó báyìí. Ní ọdún 203, ní Carthage, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tùnísíà lónìí, wọ́n pa obìnrin méjì nítorí pé wọ́n kọ̀ láti sẹ́ Kristi. Perpetua ń fọ́mọ lọ́mú lọ́wọ́. Felicity, tó jẹ́ ẹrú, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nínú ẹ̀wọ̀n ni. Gbangba ni wọ́n ti pa wọ́n, níwájú èrò tó wá wòran. Kò sí ẹni tó kọ̀wé sí Róòmù láti béèrè bóyá ẹni mímọ́ ni wọ́n. Àwọn tó ṣojú wọn ló ń ṣèrántí wọn, tí wọ́n sì sọ ọ́ fún ọmọ wọn. Orúkọ àwọn méjèèjì ṣì wà nínú àdúrà Máàsì dòní olónìí.

Ṣùgbọ́n bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ìlú kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í yan tirẹ̀, òmíràn tòótọ́, òmíràn àsọdùn. Ló bá di pé kí wọ́n máa gbé e lọ bá Póòpù. Ọdún 993 ni àkọsílẹ̀ fi hàn pé Póòpù kọ́kọ́ fúnra rẹ̀ kéde ẹnì kan, Bíṣọ́ọ̀bù Ulrich ti Augsburg ní Jámánì. Obìnrin àkọ́kọ́ tí Póòpù kéde ni Wiborada, ní 1047. Obìnrin yìí ti ara rẹ̀ mọ́ inú yàrá kékeré kan ní St. Gallen, ní Switzerland, ó ń gbàdúrà níbẹ̀. Òun ló kìlọ̀ fún àwọn mọ́ńkì pé ogun ń bọ̀, pé kí wọ́n tètè kó ìwé wọn pamọ́. Wọ́n kó ìwé sá, ìwé sì yè é. Òun fúnra rẹ̀ kò kúrò lójú kan, àwọn ọmọ ogun Hungary sì pa á ní 926. Nígbà tó fi máa di 1234, Póòpù Gregory Kẹsàn-án ti fi òfin dè é: Róòmù nìkan ló lè kéde ẹni mímọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ẹjọ́ Sístà Dulce, ká tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lọ. Salvador kò ṣàjèjì sí wa. Ibẹ̀ ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹbí wa lọ nínú ọkọ̀ ẹrú; títí dòní wọ́n ń ta àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀, wọ́n sì ń fi èdè Yorùbá kọrin fún òrìṣà. Ilé àwọn tó rí jájẹ ni wọ́n ti bí Dulce ní 1914. Maria Rita ni wọ́n sọ ọ́. Dókítà eyín ni baba rẹ̀, ó tún ń kọ́ni ní yunifásítì. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje. Nígbà tó wọ ẹgbẹ́ àwọn Sístà ní 1933 tí wọ́n ní kó gba orúkọ tuntun, orúkọ ìyá rẹ̀ ló gbà: Dulce.

Àìsàn àwọn tálákà ló gba ọkàn rẹ̀. Ní 1939, ó kó àwọn aláìsàn tó ń sùn sójú títì wọ inú àwọn ilé òfìfo kan ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Erékùṣù Èkúté. Onílé lé wọn. Ó kó wọn lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Bonfim, wọ́n tún lé wọn. Ó kó wọn lọ sí ọjà ẹja àtijọ́ kan, ìjọba ìlú lé wọn níbẹ̀ náà. Fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ni obìnrin yìí fi ń ti ibì kan bọ́ sí ibòmíràn pẹ̀lú àwọn tí kò lè dìde. Ní 1949, ó tọ ọ̀gá àwọn Sístà lọ, ó ní kí wọ́n fún òun ní ilé adìẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn. Ọ̀gá gbà. Dulce gbálẹ̀, ó fọ ibẹ̀, ó sì tẹ́ àádọ́rin aláìsàn sínú ilé adìẹ. Àwọn ará Bahia máa ń fẹ́ràn láti sọ ọ́ pé nígbà tí ọ̀gá béèrè àwọn adìẹ dà, Dulce ní inú ọbẹ̀ àwọn aláìsàn ni wọ́n wọ̀ sí. Ìtàn yẹn lè má rí bẹ́ẹ̀ délẹ̀délẹ̀, ó bá ìwà rẹ̀ mu. Láti inú ilé adìẹ yẹn ni Ilé Ìwòsàn Santo Antônio ti hù, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́ tó tóbi jù lọ ní Brazil.

Ara rẹ̀ kò le. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò dára, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í lè mí dáadáa. Síbẹ̀, orí àga onígi ló ń sùn sí fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, nítorí ẹ̀jẹ́ kan tó jẹ́ nígbà tí àbúrò rẹ̀ obìnrin wà nínú ewu. Ẹni tó bá lọ sí Salvador lónìí yóò rí àga náà nínú yàrá tí wọ́n fi ń ṣèrántí rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 1991, Póòpù John Paul Kejì lọ kí i lórí ibùsùn àìsàn. Ọjọ́ 13 oṣù Kẹta 1992 ló kú.

Ibi tí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lójú àwọn ará Salvador, ẹjọ́ ọ̀hún ti parí: wọ́n tò lọ rẹpẹtẹ síbi òkú rẹ̀, ọlọ́rọ̀ ń sunkún, alágbe ń sunkún. Òkìkí yẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí Ìjọ ń wò. Bí ẹnu àwọn èèyàn kò bá kọ́kọ́ sọ ọ́, kò sí ẹni tó lè ti Róòmù gbé e wá. Àmọ́ òfin ní kí wọ́n dúró fún ọdún márùn-ún ó kéré tán, kí omijé gbẹ lójú, kí ìtara rọlẹ̀, kí a mọ̀ bóyá òkìkí náà yóò kú tàbí yóò tẹ̀síwájú. Tirẹ̀ kò kú. Ní oṣù Kìíní ọdún 2000, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Salvador ṣí ìwádìí náà.

Ìdí tó fi jẹ́ Salvador ni pé ibẹ̀ ló kú sí. Ọ̀dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù ibi tí èèyàn kú sí ni ẹjọ́ rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù yóò béèrè lọ́wọ́ àwọn bíṣọ́ọ̀bù àyíká rẹ̀, yóò sì kọ̀wé sí Róòmù bóyá nǹkan kan wà nínú fáìlì wọn tó lòdì sí ẹni náà. Bí kò bá sí, wọn yóò máa pe olóògbé náà ní Ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Wọn yóò yan alágbàwí tí yóò máa ti ẹjọ́ náà lẹ́yìn. Wọn yóò sì gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, adájọ́ kan, akọ̀wé kan, àti ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti rí i pé òtítọ́ kò fara pamọ́.

Ẹlẹ́rìí yóò wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò búra. Kò ní mọ ohun tí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ sọ. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi í kì í ṣe èyí tí èèyàn lè fi àdúrà gígùn dáhùn. Ṣé ó máa ń bínú? Bó bá bínú, kí ló ń ṣe lẹ́yìn náà? Báwo ló ṣe ń ná owó tó bá wọlé sí i lọ́wọ́? Báwo ló ṣe ń bá àwọn tó ń gbálẹ̀ fún un sọ̀rọ̀? Kí ló sọ nípa ẹni tó já a kulẹ̀? Ẹ wo bí ẹbí ṣe ń wádìí ilé tí ọmọ wọn fẹ́ fẹ́ sí: kì í ṣe baálé ilé nìkan ni wọ́n ń bi, wọ́n á bi aládùúgbò, wọ́n á bi ẹni tó ti bá wọn jà rí. Ìgbìmọ̀ yìí náà gbọ́dọ̀ gbọ́ ti ẹni tó kórìíra rẹ̀. Nǹkan sì wà láti bi wọ́n léèrè lórí Dulce. Ó ń tọrọ owó lọ́wọ́ olóṣèlú àti olówó, láìbéèrè ẹgbẹ́ tí wọ́n wà. Fún bí ọdún mẹ́wàá ló tún fi gbàyè láti gbé lóde ẹgbẹ́ Sístà rẹ̀ nítorí iṣẹ́ ilé ìwòsàn náà. Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú burúkú wo obìnrin yóò ní ó ya olórí kunkun.

Nígbà tí wọ́n bá gbọ́ tẹnu ẹlẹ́rìí tán, wọn yóò kó gbogbo ohun tí olóògbé kọ sílẹ̀ jọ, lẹ́tà, ìwé àjákọ, gbogbo ẹ̀. Wọn yóò dì í, wọn yóò fi òǹtẹ̀ lẹ̀ ẹ́, ó di Róòmù. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọ́ di ìwé ńlá kan, àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́sàn-án nípa ẹ̀kọ́ ìsìn yóò kà á, wọn yóò dìbò. Àwọn kádínà àti bíṣọ́ọ̀bù yóò tún ṣe tiwọn. Ohun tí wọ́n ń wá kò ju ọ̀kan lọ: ṣé ó gbé ìgbàgbọ́, ìrètí, ìfẹ́ àti ìwà rere yòókù dé ibi tí èèyàn lásán kì í gbé e dé, kì í ṣe lọ́jọ́ kan, àmọ́ fún ìgbà pípẹ́? Ní oṣù Kẹrin 2009, Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún fọwọ́ sí ti Dulce. Ó di Ẹni Ọ̀wọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ní 2010 wọ́n hú òkú rẹ̀ láti gbé e lọ sí sàréè mìíràn, ìròyìn sì kàn pé òkú náà kò jẹrà tán. Àwọn èèyàn kan gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Rárá o. Nínú òfin òde òní, òkú tí kò jẹrà kì í ṣe ẹ̀rí. Ilẹ̀ gbígbẹ, pósí tó dí dáadáa, ọ̀pọ̀ nǹkan ló lè fà á. Wọ́n ń wò ó, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń kọjá.

Ohun tó kù ni iṣẹ́ ìyanu, ibẹ̀ ló sì le jù. Ajẹ́rìíkú kò nílò rẹ̀ kó tó di Alábùkúnfún, ìpele tó ṣáájú ti ẹni mímọ́, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá kú lórí ibùsùn nílò ọ̀kan, yóò sì tún nílò òmíràn tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ti kéde rẹ̀ ní Alábùkúnfún. Ìwòsàn ló máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà: ó gbọ́dọ̀ yá, ó gbọ́dọ̀ pé, kò sì gbọdọ̀ padà wá. Àwọn dókítà méje ń yẹ̀ ẹ́ wò. Láti 2016, márùn-ún nínú méje gbọ́dọ̀ fẹnu kò, kí ẹjọ́ tó lè tẹ̀síwájú. Ẹ ṣàkíyèsí pé a kì í bi dókítà bóyá iṣẹ́ ìyanu ni. Ohun tí wọ́n ń bi í ni pé: ṣé ìmọ̀ rẹ lè ṣàlàyé èyí? Bó bá ní kò lè ṣe é, ó parí lọ́wọ́ tirẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ẹ̀sìn ló kù tí yóò béèrè pé, ta ni wọ́n pè nígbà ìṣòro? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ máa ń fọ́ sí. Bí ìdílé aláìsàn bá pe Antóni Mímọ́, tí wọ́n pe Júúdà Mímọ́, tí wọ́n tún pe Dulce, tí ara aláìsàn yá, ta la ó kọ ọ́ mọ́?

Ti Dulce àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Sergipe, ní 2001. Obìnrin kan bímọ tán, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un léraléra, pàbó ló já sí, àwọn dókítà ti ń wo ọwọ́ Ọlọ́run. Fádà kan tó fẹ́ràn Dulce kó àwọn èèyàn jọ, wọ́n gbàdúrà, wọ́n ní kó bá wọn bẹ Ọlọ́run. Ẹ̀jẹ̀ náà dá. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ ò nílò kí n ṣàlàyé ohun tí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ jẹ́. Lórí ẹjọ́ yìí ni wọ́n fi kéde Dulce ní Alábùkúnfún ní Salvador, ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún 2011.

Ìkejì ya èmi lẹ́nu ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ohun tí ọkùnrin náà béèrè. Olùdarí ẹgbẹ́ akọrin ni, ará Bahia. Gùlàkómà ti fọ́ ojú rẹ̀, kò ríran fún ọdún mẹ́rìnlá. Ní 2014, àìsàn ojú pípọ́n tún dà á láàmú, ojú ń ro ó, kò rí oorun sùn. Ó gbé ère kékeré Sístà Dulce lé ojú. Kò tọrọ kó ríran. Ìrora ló ní kó bá òun mú lọ. Nígbà tó jí, ó rí ọwọ́ ara rẹ̀. Àwọn dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò rí i pé iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ ṣì bàjẹ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bí a bá fi ojú ohun tí ẹ̀rọ wọn fi hàn wò ó, kò yẹ kó ríran. Ó sì ń ríran.

Mo mọ̀ pé gbogbo ẹni tó ń gbọ́ mi kọ́ ló jẹ́ Àgùdà, ẹlòmíràn sì lè ti máa mi orí. N kò ní kí ẹ gbà á gbọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé irọ́ nípa iṣẹ́ ìyanu máa ń ba àwọn tó jókòó ní Róòmù lẹ́rù ju bó ṣe ń ba àwọn ọ̀tá Ìjọ lẹ́rù lọ. Tí wọ́n bá gba ayédèrú kan, ó ti ba gbogbo yòókù jẹ́.

Fún ìdí èyí ni wọ́n ṣe yan ẹnì kan láyé àtijọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa tako ẹjọ́ náà ní gbogbo ọ̀nà. Agbẹjọ́rò Sàtánì ni àwọn èèyàn ń pè é. Ní 1983, Póòpù John Paul Kejì dín agbára ipò yẹn kù, ó sì dín iye iṣẹ́ ìyanu kù. Lẹ́yìn èyí, ẹjọ́ ń yá kánkán: òun nìkan kéde ẹni mímọ́ 482. Àwọn kan ní ó ti pọ̀ jù. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ẹjọ́ Ìyá Teresa ti Calcutta, ẹni tí Póòpù dárí ọdún márùn-ún ìdúró jì, Ìjọ pe oníròyìn Christopher Hitchens, ẹni tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ tó sì ti kọ ìwé bú Teresa, pé kó wá sọ tirẹ̀. Ó wá, ó sọ ọ́. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n kéde Teresa ní 2016. Lójú tèmi, pípè tí wọ́n pè é yẹn buyì kún Ìjọ, bí ìdájọ́ ò tilẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ìdájọ́ Ìjọ pàápàá ti ṣì rí. Wọ́n sun Joan ará Arc níná ní Rouen, ní ilẹ̀ Faransé, ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún 1431. Ilé ẹjọ́ tí bíṣọ́ọ̀bù kan darí ló dá a lẹ́bi pé aládàámọ̀ ni. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Ní 1456 ilé ẹjọ́ Ìjọ mìíràn yí ìdájọ́ yẹn padà. Ìyá Joan fúnra rẹ̀ ló lọ bá wọn, arúgbó ni nígbà náà, tó ní kí wọ́n fọ orúkọ ọmọ òun mọ́. Ní 1920 ni wọ́n tó kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́. Ẹ̀rí tó gbé e débẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ wá láti inú ìwé ẹjọ́ tí wọ́n fi dá a lẹ́bi: akọ̀wé ti kọ gbogbo ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà fún obìnrin. Ẹjọ́ ń dúró lórí ẹni tó bá ní ẹlẹ́rìí, àti ẹni tí a bá ti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin láyé kò ní méjèèjì. Josephine Bakhita tilẹ̀ pàdánù orúkọ tí baba rẹ̀ sọ ọ́. Ọmọ Darfur ní Sudan ni; àwọn ajínigbé jí i gbé nígbà tó wà ní kékeré, ìpayà sì mú orúkọ rẹ̀ kúrò lọ́kàn rẹ̀. Àwọn tó jí i ló sọ ọ́ ní Bakhita. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà. Ní ilé ọ̀gágun ará Tọ́kì kan, wọ́n fi abẹ sín in ní gbẹ́rẹ́ 114, wọ́n sì fi iyọ̀ ra á kí àpá má bàa parẹ́. Aṣojú ìjọba Ítálì kan rà á ní Khartoum, ó bá a dé Ítálì ní 1885. Nígbà tí ìdílé tó ń bá ṣiṣẹ́ fẹ́ mú un padà sí Áfíríkà, ó kọ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá 1889, ilé ẹjọ́ ní Ítálì dájọ́ pé kò sí ẹni tó lè pè é lẹ́rú. Ó di Sístà, ó sì lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ ní ìlú Schio, ó ń dáná, ó ń ránṣọ, ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún àlejò.

Ta ni yóò jẹ́rìí fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀? Àwọn Sístà ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Wọ́n jókòó tì í, wọ́n ní kó sọ ìtàn ara rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1931. Nígbà tó kú ní 1947, gbogbo Schio ló mọ̀ ọ́n. Ọdún méjìlá lẹ́yìn náà, ẹjọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sì parí ní 2000. Ọjọ́ ìrántí rẹ̀, 8 oṣù Kejì, ni Ìjọ fi ń gbàdúrà lágbàáyé fún àwọn tí wọ́n ń kó ta, láti 2015 títí di ìsinsìnyí. Ní Ítálì tó ti gba òmìnira yẹn, àwọn ọmọbìnrin láti Nàìjíríà wà lára àwọn tí àdúrà náà kàn.

Kí ló wá dé ti àwọn Sístà fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú àwọn obìnrin tí wọ́n kéde, tí abilékọ fi ṣọ̀wọ́n? Kì í ṣe pé àwọn ìyàwó ilé kò mọ́. Ẹgbẹ́ àwọn Sístà kì í kú. Bí èyí tó di fáìlì mú bá kú, òmíràn á gbà á. Ẹjọ́ ń náni lówó pẹ̀lú: ìwé títẹ̀, ìrìn àjò, owó àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń kà á. Ìyá tó tọ́ ọmọ mẹ́jọ tó sì ń bọ́ ọmọ aládùúgbò, ta ni yóò gbé fáìlì tirẹ̀ fún ogójì ọdún?

Àwọn kan rí ẹni gbé e. Marguerite Bays tí mo dárúkọ níṣàájú, aránṣọ ni, kò lọ́kọ, kò wọ ẹgbẹ́ Sístà, ilé ẹbí rẹ̀ ló gbé títí ó fi kú ní 1879. Àwọn ará abúlé rẹ̀ kò gbàgbé rẹ̀. Ó gba 140 ọdún. Gianna Beretta Molla, dókítà ará Ítálì, ní ọkọ, ó bí ọmọ. Nígbà tó lóyún ọmọ rẹ̀ kẹrin, wọ́n rí iju nínú ilé ọmọ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n yọ iju náà, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fọwọ́ kan ọmọ. Ó bí ọmọbìnrin ní oṣù Kẹrin 1962, ó sì kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀, mo sì mọ̀ pé àwọn obìnrin wà tó ń gbọ́ mi tí kò ní gbà pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. Àmọ́ ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún 2004, nígbà tí Póòpù kéde rẹ̀, ọkọ rẹ̀ Pietro wà níbẹ̀, ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, àwọn ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkọ tó ń gbọ́ tí Róòmù ń pe ìyàwó rẹ̀ ní ẹni mímọ́! Ọkọ náà ti jẹ́rìí, ó ti kó lẹ́tà ìfẹ́ wọn sílẹ̀ fún wọn láti kà.

Ní Nàìjíríà tiwa, Fádà Cyprian Michael Iwene Tansi ni Póòpù kéde ní Alábùkúnfún ní Oba, lẹ́bàá Onitsha, ní 1998, ọkùnrin sì ni. Ẹni tó bá ní obìnrin kan lọ́kàn nínú ìjọ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wúlò fún un kí àkókò tó tán.

Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀ báyìí, nígbà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè, pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ èyí tó dùn, ẹ kọ èyí tó korò. Ìwé tó kún fún ìyìn nìkan máa ń mú kí adájọ́ fura. Ẹ má sun lẹ́tà rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé òun rí ìwòsàn, ẹ ní kó gba ìwé ilé ìwòsàn ti ìṣáájú àti ti ẹ̀yìn, nítorí ẹ̀rí ẹnu nìkan kò tó. Ẹ lè máa bá a sọ̀rọ̀ nínú àdúrà tiyín, nínú yàrá yín. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé àwòrán rẹ̀ sórí pẹpẹ, ẹ má ya ìmọ́lẹ̀ yí orí rẹ̀ ká, ẹ má pè é ní ẹni mímọ́ nínú Máàsì. Láti ìgbà Póòpù Urban Kẹjọ, ní nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn, ni òfin ti ní kí a wádìí bóyá àwọn èèyàn ti ń bọlá fún olóògbé ní gbangba kí Ìjọ tó sọ̀rọ̀; bí wọ́n bá rí i bẹ́ẹ̀, ó lè dí ẹjọ́ náà lọ́wọ́. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ẹ gbé ìwé yín lọ bá bíṣọ́ọ̀bù ibi tó kú sí. Kì í ṣe dandan kó gbà á lọ́jọ́ àkọ́kọ́.